Ife Tí Lúlúwà Gbé Sílẹ̀

"Bàbá tìrẹ ni, kì í ṣe bàbá tèmi," Túríkì sọ lórí fóònù. "Alákòóso ìlú lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Èmi náà lọ. Ó fún mi ní dàbínù jẹ, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti wakọ̀ dé Ríyáàdì kí n tó mọ̀ pé ńṣe ló lé mi."

Lúlúwà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ kò dùn.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi di ọ̀la."

"Ọjọ́ Àìkú ni ìgbìmọ̀ máa jókòó o. Bí yàrá amọ̀ yẹn bá ṣì wà lójú ibi tí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa yẹ kó wà, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ará òkèèrè yẹn. O ṣáà ti rí àwòrán tiwọn."

Ó ti rí i. Ilé onígíláàsì ni, tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí pápá lẹ́yìn ìlú, tó rí bí ọkọ̀ òfurufú tó ṣìnà tó wá balẹ̀ sínú iyanrìn.

Ó pa fóònù. Ó jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi átílì, ó ń wo yàrá náà ní òdìkejì títì. Yàrá yìí nìkan ló kù nínú ilé tí wọ́n bí Lúlúwà sí. Òjò ọdún dé ọdún ti sọ ìyókù di òkìtì amọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ra ilẹ̀ tó yí i ká. Àmọ́ yàrá kọfí bàbá rẹ̀ ṣì dúró, pẹ̀lú ògiri tó nípọn tó gígùn apá àgbàlagbà, pẹ̀lú àwọn ihò onígun mẹ́ta tó tò lọ lábẹ́ òrùlé, àti ilẹ̀kùn pákó átílì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti dúdú ya ìràwọ̀ sí.

Láti kékeré ló ti ń fi èédú ya àwọn ihò wọ̀nyẹn sára ìwé ilé-ìwé. Nígbà tó di ayàwòrán ilé, tí ìlú Ummu-Átílì sì kéde pé àwọn fẹ́ gbọ̀ngàn àpérò ìgbàlódé tí yóò jọ ilé àwọn baba ńlá wọn, ńṣe ló dà bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè. Ó ya ògiri ńlá aláwọ̀ iyanrìn, ó ya àgbàlá tí òjìji kì í kúrò níbẹ̀, ó to ihò onígun mẹ́ta sókè kí ooru lè bá ibẹ̀ jáde. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ láìfira gbún ara. Ohun kan ṣoṣo ni kò ráàyè fún, yàrá bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló kọjú sí títì, ibẹ̀ ló sì fi ẹnu ọ̀nà sí. Ó rò pé bàbá òun á gbà. Kò tíì bi í.

Àǹtí Múdí, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń bá a tọ́jú ilé, ló ṣílẹ̀kùn ilé tuntun fún un. Lúlúwà gbé ilé kékeré onípáálí tó fi ṣe àpẹẹrẹ gbọ̀ngàn náà lé orí tábìlì. Kò tóbi ju àwo oúnjẹ ńlá lọ.

"Máàṣáálàhù!" Múdí yí tábìlì ká. "Ìwọ lo gé gbogbo èyí? Ìwọ tí o kò lè gé àlùbọ́sà?"

"Àǹtí mi!"

"N ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dára, ó dára gan-an. Níbo ni wọ́n ti ń dáná kọfí níbẹ̀?"

"Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, níbí. Wọ́n á máa gbé e jáde nínú fúláàsì."

Múdí yọ ṣùtì. "Kí àlejò jókòó kó máa wo ògiri, kí kọfí máa ti ibi tí kò mọ̀ jáde sí i. Bí ilé ìwòsàn."

"Bàbá ńkọ́?"

"Níbo ni ì bá tún wà? Ó wà lọ́hùn-ún, ó ń gbálẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣaláìsí, bó bá ti kírun Alásàrì tán, á gba ibẹ̀ lọ. Kò dáná, kò pe ènìyàn. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í dọ̀tí ló ń gbá. Mo ní kí n bá a lọ, ó ní ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ló wà." Ó kó fúláàsì kọfí àti ife kéékèèké lé e lọ́wọ́. "Gbé èyí fún un. Má sì bá a jà o. Bàbá Lúlúwà kì í jà, ńṣe ló máa ń dákẹ́, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ."

Bàbá Lúlúwà. Bí gbogbo ìlú ṣe ń pe Dúkáílì nìyẹn. Níbẹ̀, orúkọ ọmọkùnrin ni wọ́n fi ń pe bàbá, ẹni tí kò bá sì tíì bí ọkùnrin á yá orúkọ ọmọ tó ń retí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn kóun náà ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí n fi èyí tí n kò rí jẹ́ orúkọ," ó ní, "kí n wá pe èyí tí mo rí ní kí ni?" Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Bí Lúlúwà ti ń gbé ilé páálí náà àti fúláàsì sọdá títì, ohun tó máa ń rí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé nígbà tó wà ní kékeré ń padà bọ̀ sọ́kàn rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ní ohun ńlá láti tọrọ kì í kọ́kọ́ sọ ọ́. Á gba ife kọfí, á gbé e sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kò ní fẹnu kàn án. Gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́. Bàbá rẹ̀ á wo ife, á wo onítọ̀hún, á ní, "Mu kọfí rẹ. Ohun tí o wá fún ti di tìrẹ." Kó tó mọ ohun tó jẹ́ o! Ìtìjú ni fún onílé bí kọfí bá tutù sínú ife àlejò. Báyìí ló ṣe dárí ji awakọ̀ tó pa ràkúnmí rẹ̀. Báyìí náà ló ṣe ṣí kànga rẹ̀ fún ẹni tí wọn kì í kí ara wọn.

"Lọ́jọ́ kan," Tárífà ìyá rẹ̀ máa ń sọ bí àlejò bá ti lọ tán, "ẹnìkan á gbé ife sílẹ̀ níbí, èmi gan-an ló máa tọrọ."

"Jẹ́ kó tọrọ," bàbá rẹ̀ á dáhùn. "Kó tó di alẹ́ á dá ọ padà, á sì fi ràkúnmí kan bẹ̀ mí kí n gbà ọ́."

Bàbá rẹ̀ ń gbálẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé orí sókè, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n funfun rẹ̀ sì mì fún ẹ̀rín.

"Bọ́ bàtà rẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni."

"Àsàláámù àlékúmù, Bàbá."

"Wàálékúmù sàláámù, Lúlú. Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn? Àkàrà òyìnbó ni?"

"Ilé ni."

Ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹní, àwọn méjèèjì jókòó tì í. Ìkòkò kọfí onídẹ ṣì tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn ààrò, ẹnu ṣóńṣó wọn kọjú síbì kan náà bí ẹyẹ tó ń sùn. Odó idẹ wà nídojúdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí eérú kankan nínú ààrò. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ìkejì yọjú wo inú ilé páálí náà.

"Mo rí inú rẹ̀. Atẹ́gùn máa wọ ibí dáadáa. Àwọn ihò wọ̀nyí, o kò gbàgbé wọn."

"Inú yàrá yìí ni mo ti mọ̀ wọ́n."

Ìka rẹ̀ rìn lọ lára ògiri títí ó fi kan ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló dúró sí.

"Ibí gan-an la jókòó sí báyìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ sún kúrò nídìí ilé páálí náà. Ó ṣí fúláàsì, ó bu kọfí díẹ̀ sínú ife, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí i. Láti Ríyáàdì ni Lúlúwà ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Yóò ní àwọn á yọ ilẹ̀kùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn á gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Yóò ní ìyá òun ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó gba ife, kó tó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ó ti gbé e sílẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀.

Fúláàsì dúró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Lúlúwà."

"Bàbá."

"Obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ohun tí ọmọ bá fẹ́, ẹkún ló máa ń sun."

"Mo ti dàgbà ju kí n máa sunkún, Bàbá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti gba inú àwọn ihò onígun mẹ́ta wọlé, ó to ìmọ́lẹ̀ sára ògiri kejì. Bàbá rẹ̀ wo ààrò. Ó wo igi àjà tí èéfín ti sọ di dúdú. Ó wo ilẹ̀kùn, ó pẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ṣe ń wo ara ilé ló ṣe wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí i.

"Mu kọfí rẹ, ọmọ mi. Ohun tí o wá fún ti di tìrẹ."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Bí kò ṣe gbọ̀n yẹn ló dun Lúlúwà jù. Ó gbé ife náà, kò lè gbé e dẹ́nu.

"Ìyá rẹ máa ń sọ pé ẹnìkan á wá tọrọ òun," bàbá rẹ̀ ní, jẹ́jẹ́. "Ẹni tó wá kò gbé ife sílẹ̀. Kò bi mí. Kò sì dá a padà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu etí ààrò. "Iná tó jó kẹ́yìn níbí, òun ló fẹ́ ẹ, láàárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. N ò fẹ́ kí iná mìíràn bò ó mọ́lẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ti ògiri. Amọ̀ ni ògiri. Mu ún, kó má tutù. Kí lo fẹ́?"

Lúlúwà mu ún. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àdùn hẹ́lì, èso olóòórùn dídùn tí wọ́n sè mọ́ ọn, sì kù sí i lẹ́nu.

"Mo fẹ́ kí ẹ dáná."

"Kí ni?"

"Ohun tí mo tọrọ nìyẹn. Kí ẹ dáná kọfí níbí, lónìí. Bí a bá sì kọ́ gbọ̀ngàn náà tán, kí àlejò máa gba ọ̀dọ̀ yín wọlé, kí ẹ máa bu kọfí fún wọn látorí iná."

Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Wíwó ni mo rò pé o wá tọrọ."

"Òun ni mo wá tọrọ."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ ti fún mi kí n tó sọ ọ́. Mi ò lè gbà á mọ́."

Ó na ọwọ́ sí ilé páálí náà, ó di ẹnu ọ̀nà tó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru gé mú, ó sì fà á ya. Ó gbé ife òfìfo rẹ̀ sí ojú ibẹ̀.

"Yàrá yìí nìyẹn. Màá ti ògiri sẹ́yìn, kí àgbàlá wá yí i ká."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Á pariwo."

"Ìgbìmọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n lè má gbà. Bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n gbé e fún onígíláàsì. Èyí ni màá gbé lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú."

Bàbá rẹ̀ wo ife tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹlẹ́gbẹ̀rún ènìyàn. Ó mi orí.

"O dẹ tàkúté fún mi. Mo ti sọ̀rọ̀, kò ṣeé kó jẹ."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Irọ́ ni. Ìyá rẹ ni."

Igi átílì gbígbẹ ṣì wà nígun yàrá, bí Tárífà ṣe tò ó. Bàbá rẹ̀ kó mẹ́ta, ó dá ọ̀kan padà, ó tún mú un. Ó ṣá ìṣáná sí i, Lúlúwà sì tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ iná náà. Èéfín bo àwọn méjèèjì lójú. Wọ́n nu ojú, ẹnikẹ́ni kò bi ẹnìkejì bóyá èéfín nìkan ni. Bàbá rẹ̀ yan kọfí títí ó fi pọ́n díẹ̀, ó dojú odó idẹ sókè, ó dà á sí i, ó sì mú ọmọ odó.

Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá ń gún kọfí ń pe àlejò ni. Ẹni tó bá gbé níbẹ̀ rí kì í gbàgbé ohùn odó wọ̀nyẹn. Bó lọ jìnnà títí ó fi darúgbó sí ilẹ̀ onílẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí ilé á dákẹ́ lọ́sàn-án, á dà bí ẹni pé ó ń gbọ́ ọ. Dúkáílì kọ́kọ́ rọra gún un, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má gbọ́. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó gún, ó fi ọmọ odó lu ẹ̀gbẹ́ odó, ó tún gún, ohùn idẹ sì gba ihò onígun mẹ́ta jáde lọ sórí títì.

Fóònù Lúlúwà tàn. Túríkì ni. Ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ọ̀pá nínú iyanrìn.

"Bàbá Lúlúwà!" Mísífà tó ń gbé ní ilé kejì ni. "Ṣé etí mi ló ń tàn mí ni, àbí odó rẹ?"

"Etí rẹ ti ń tàn ọ́ tipẹ́, àmọ́ tòní kọ́."

Bàbá arúgbó náà dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà. Ó rí èéfín. Ọwọ́ rẹ̀ di ọ̀pá mú gírígírí.

"Mo ti rò pé..."

"Kọfí kì í dúró de ìrònú. Wọlé, ọkùnrin yìí."

Lúlúwà fa ìborùn síwájú, ó kí i. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ gba ife kan lórí pẹpẹ, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù, ó sì fi orí júwe fún ọmọ rẹ̀ tó jókòó láàárín ààrò àti ẹnu ọ̀nà.

"Sún díẹ̀, Lúlú. Jẹ́ kí àlejò rí iná."