Apá Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ó ti pẹ́ tí gbígbé àwọn tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù ti sú Nọ́ọ̀sì. Ó ní kàkà kí òun máa dúró de àìsàn lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, òun á kúkú lọ pàdé rẹ̀ lójú títì kó tó dé. Bó ṣe dá ìpàdé sílẹ̀ nìyẹn, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Á to àga, á nu tábìlì, á dúró níwájú àwọn obìnrin àdúgbò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jọ̀ ọ̀rọ̀.

"Ìlera kì í ṣe pé kí ara má ṣáà ti dunni," á wí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ó lè máa gbé inú yín kó máa bá yín jẹun, ẹ ò ní mọ̀. Oògùn yín, ojoojúmọ́ ni o! Ọjọ́ tí ara yín bá dá ṣáṣá gan-an, ẹ lò ó."

Wọ́n á mi orí. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ jáde báyìí, ojú gbogbo wọn á lọ sára ògiri. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ náà máa ń fún apá bíi pé ó fẹ́ já a. Òmíràn ní òun ò fẹ́ mọ ohun tí òun ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Aránṣọ ni ìyá yìí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ títì, kò sì sí ọmọ iléèwé kan ládùúgbò tí kò rán yunifọ́ọ̀mù fún rí. Ó kàn wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé ojú fẹ́ ti ọmọ náà, ó dìde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ jẹ́ kó fi tèmi bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo bí i. Bó bá fẹ́ pa mí, ì bá ti pa mí lọ́jọ́ ìrọbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan di ìhà mú. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì ṣá, torí ìfúnpá ìyá rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. Ó fún un ní oògùn níbẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Nígbà tó di oṣù kejì, ìyá tún kọ́kọ́ na apá. Ó ti wálẹ̀! Inú Nọ́ọ̀sì dùn débi tó fi kígbe iye tó rí, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló wá di àṣà wọn. Apá ìyá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wọ̀n, wọ́n á ké iye rẹ̀ síta, wọ́n á pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ló máa kan àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá wálẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, kò sẹ́ni tó máa bú u, gbọ̀ngàn á kàn dákẹ́ ni. Ẹ ò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe wúwo tó àfi bó bá ti wà lórí yín rí. Láàárín oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tí tirẹ̀ ga mọ́. Wọ́n sọ ìyá ní Ìyá Àpẹẹrẹ. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì pàtàpàtà wá láti oríléeṣẹ́, ó kó àlejò lẹ́yìn, wọ́n ya fọ́tò, ó ní iṣẹ́ tí òun ti ń wá kiri nìyí. Lọ́jọ́ yẹn, orí Nọ́ọ̀sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí jẹun.

Ó máa ń lọ kí ìyá rẹ̀ nílé lọ́jọ́ Ìsinmi. Lẹ́ẹ̀kan, ó mú ẹ̀rọ náà dání.

"Gbé irin ẹ kúrò níwájú mi jọ̀ọ́," ìyá ní. "Ṣé mi ò ní sinmi lọ́wọ́ ẹ ni? Ilé mi ti di ọsibítù? Dúró di Ọjọ́bọ̀."

"Màmá, kò ní pẹ́."

"Ọjọ́bọ̀ náà ò ní pẹ́. Jókòó, kó o jẹun. O ti gbẹ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó jẹun. Obìnrin tó máa ń lé ẹni ẹlẹ́ni lójú títì nítorí kó lè wọn ìfúnpá wọn, ó jẹ́ kí tìyá rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Kí ló fẹ́ máa dà á láàmú fún? Ní gbogbo oṣù ló ń fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó dáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aránṣọ, pe Nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Igbe ló ń ké, Nọ́ọ̀sì kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Kí Nọ́ọ̀sì tó dé, ẹnu ìyá ti yí sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń ránṣọ láti ìgbà ọmọdé sì ti kú típiripi.

Ní ọsibítù ńlá, dókítà wo iye tí ẹ̀rọ gbé jáde, ó tún un wọ̀n.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé Màmá máa ń lo oògùn wọn?"

Ọ̀rọ̀ náà bí Nọ́ọ̀sì nínú. "Dókítà, màmá mi? Àwọn la fi ń kọ́ àwọn yòókù!"

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó kàn wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yíjú sí aláìsàn.

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti wá bọ́tìnnì tó máa fi rọ́pò èyí tó já kúrò lára aṣọ àwọ̀sùn ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré tó lè fi ọwọ́ ṣe ló ń wá, kó má bàa ya wèrè. Agolo bisikíìtì tí ìyá máa ń kó bọ́tìnnì sí wà níbi tó máa ń wà, lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ṣí i, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn bọ́tìnnì funfun kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní ihò. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kó lè rí wọn dáadáa. Oògùn ni. Ó da agolo náà sórí tábìlì ìgéṣọ: oògùn ìfúnpá, ọ̀pọ̀ oṣù, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó fún ìyá, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì àti àjákù òwú. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé tí wọ́n gbàgbé sí iléèwé.

Kó tó pẹ́, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tún dé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, wọ́n fẹ́ gbọ́ bí Ìyá Àpẹẹrẹ ṣe ń ṣe. Nọ́ọ̀sì kò kí wọn. Ó da oògùn inú agolo sílẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Màmá mi ò lò ó. Bí mo ṣe ń pariwo tó, ìyá tó bí mi ò lò ó."

Nọ́ọ̀sì retí kí ẹnu yà wọ́n, kí wọ́n figbe ta. Kò sẹ́ni tẹ́nu yà. Ńṣe ni wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló wá dìde, ó ń fa etí ìró rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Màmá máa ń lò ó. Tó bá ti di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìpàdé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá ń lò ó lójoojúmọ́, ìtọ̀ ò ní jẹ́ káwọn jókòó ránṣọ."

"Ẹ mọ̀?"

"Màmá fúnra wọn ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

"Ta ni wọ́n kọ́?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ẹ̀yìn, ó wo àga tó tẹ̀ lé àga. "Gbogbo wa," ó ní.

Nọ́ọ̀sì di tábìlì mú. Iye tó ń ké síta láti oṣù dé oṣù, fọ́tò tí wọ́n yà, ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá sọ, kò sí òótọ́ kankan nínú wọn.

"Kí ló dé?" ó bi wọ́n. "Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe wá," Ìyá Oníbúrẹ́dì dáhùn, omi sì ti ń bọ́ lójú òun náà. "Màmá ní ká má jẹ́ kí ojú ti ọmọ àwọn níwájú ọ̀gá ẹ̀. Kò sì sí nǹkan tó ń ṣe wá, Nọ́ọ̀sì. Ara wa le. Àwa rò pé nítorí tiyín la ṣe ń lò ó."

Nọ́ọ̀sì kó oògùn náà padà sínú agolo. Ó sọ pé kò sí àtẹ́wọ́ mọ́, kò sí kíké síta mọ́, ilé ni òun á máa wá bá wọn, ọjọ́ yòówù kó jẹ́. Wọ́n ní kò burú. Ẹni tó bá mọ èèyàn á mọ irú "kò burú" bẹ́ẹ̀.

Ó lọ lóòótọ́. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń ti ilé dé ilé. Wọ́n á ti rí aṣọ funfun rẹ̀ lókèèrè. Obìnrin kan fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé òun ò sí nílé. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá pa Nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àwọn tó ṣílẹ̀kùn, ìfúnpá wọn ga kọjá ààlà. Ó bẹ̀ wọ́n, ó halẹ̀ mọ́ wọn, ó ṣàpèjúwe ọwọ́ ìyá rẹ̀ fún wọn. Ìyẹn gan-an ló lé wọn sá. Wọ́n ní bí ọmọ tó mọ̀wé tó báyìí kò bá lè gba ìyá ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún àwọn? Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tún dé, àga ló pọ̀ ju èèyàn lọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò wá. Nọ́ọ̀sì to àga padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tìlẹ̀kùn, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Wọ́n ti gbé ìyá kúrò ní ọsibítù nígbà náà. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìrọ̀rí ni wọ́n fi gbè é lọ́tùn-ún àti lósì. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ìyẹn gan-an ló máa ń fa Nọ́ọ̀sì lọ́kàn ya.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ bi í léèrè. Láti ọjọ́ tó ti ṣí agolo náà ló ti fẹ́ jókòó níwájú rẹ̀ kó sọ pé, Màmá, ẹ ò ṣe sọ fún mi? Ṣé iyì mi ló wá ju ẹ̀mí yín lọ? Kò ní rí èsì gbà, ó mọ̀. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó yọ ẹ̀rọ jáde.

Bí ìyá ṣe rí i, ojú rẹ̀ tàn. Ó nà, ó gbìyànjú kí ẹ̀yìn rẹ̀ gún lórí àga. Ó fi eyín fa apá òsì aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì bá a ká a. Ó wá na apá náà síwájú, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń nà án nínú gbọ̀ngàn níṣojú gbogbo wọn. Ìdajì ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó fún un, ó tú u sílẹ̀. Iye náà burú. Pẹ̀lú gbogbo oògùn tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sẹ́nu ní àràárọ̀, ó burú síbẹ̀.

Ìyá tẹjú mọ́ ọn, ó ń dúró.

"Ó ti wálẹ̀, Màmá," Nọ́ọ̀sì wí. "Ó dáa gan-an ni."

Ìyá mi orí. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó sì ń fi lu ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú lórí itan rẹ̀, pẹ́, pẹ́, ó ń wo ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun ṣe é. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un.