Márùn-ún Nínú Mẹ́fà

Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé tẹ́tẹ́ ní òpópónà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé. Ó kàn ń bá àwọn tí ó ń ta á ṣírò iye tí owó wọn lè dà ni, kò sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àga tí ó jókòó lé kì í mì mọ́. Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀gá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun òpópónà náà ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ àga náà kan kúrú. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó lọ gé pákó pẹlẹbẹ kan wá, ó kàn án mọ́ ẹsẹ̀ náà nídìí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàbá Ìṣirò, ẹ jókòó,” ó ní. “Ẹni tó ń bá wa ka owó ọ̀la kò gbọdọ̀ máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.”

Láti ọjọ́ náà ni olùkọ́ ti mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọn yóò ti béèrè òun bí òun kò bá wá.

Yàrá méjì ni ó ń gbé. Aya rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé lókè òkun, a sì máa pè é ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń gbà, nítorí pé olùkọ́ ti fi aago wọ̀n ọ́n. Ife méjì ni ó ṣì ń fọ̀ láràárọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ni ó ń mu tíì nínú rẹ̀. Bí ó bá sì ti òde dé, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a sọ pé, “A ti dé o,” gẹ́gẹ́ bí òun àti aya rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ohùn rẹ̀ bá ti lu ògiri tán ni ó máa ń rántí pé ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé.

Àwọn mẹ́ta wọlé: ọ̀gá káfíńtà, ẹni tí ó ń bá a ran tìmùtìmù àga, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi, àti ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó ń bá wọn kun àga lọ́dà, tí odidi ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ó tó sọ gbólóhùn kan.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìṣirò.”

“Ẹ káàárọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú méje pẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ wa sílẹ̀, sà,” ni Ẹnu-ò-sinmi wí. “Ọmọ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nílé. Títí di ìsinsìnyí n kò mọ ẹni tó ń rẹ ẹnìkejì lẹ́kún nínú wa.”

Ọ̀gá káfíńtà tẹ́ ìwé kan síwájú olùkọ́. Eré bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n ti yàn. Mẹ́rin nínú wọn ní ọ́ọ̀dì méjì, èyí ni pé owó tí a bá fi lé ọ̀kan nínú wọn yóò di ìlọ́po méjì bí ẹgbẹ́ tí a yàn bá borí. Méjì yòókù ní ọ́ọ̀dì ọ̀kan àti ààbọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n dá jọ.

Olùkọ́ gbé pẹ́ńsùlù sókè. Inú rẹ̀ máa ń dùn púpọ̀ ní àkókò yìí.

“Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà. Ẹ lè ta wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá já yóò dá já ni. Èrè rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kì í pa ènìyàn lẹ́kún. Ẹ sì lè so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Nígbà náà, ọ́ọ̀dì yóò máa sọ ara wọn di púpọ̀: méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin, lọ́nà méjì, mẹ́jọ, lọ́nà méjì, mẹ́rìndínlógún. Ẹ fi ọ̀kan àti ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, mẹ́rìnlélógún. Ẹ tún un ṣe, mẹ́rìndínlógójì. Ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ́nà mẹ́rìndínlógójì. Ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó àti méjìlélọ́gbọ̀n.”

“Yéè!” Ẹnu-ò-sinmi di orí mú. “Ẹ jẹ́ kí n lọ ra ìyá mìíràn fún ọmọ náà.”

“Dúró ná. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ojú kan ṣoṣo ni ó ti ń gé, gbogbo ilẹ̀ ni à ń ti ṣà á. Bí eré kan bá já, ẹ kò ní nǹkan kan.”

“Ọ̀nà kẹta ńkọ́, Bàbá?” ni ọ̀gá káfíńtà bi í.

“Márùn-ún nínú mẹ́fà. Ẹ ó pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún méjì-méjì. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò mú eré márùn-ún, yóò sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá wọlé, ẹ ó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlúgba. Bí ọ̀kan bá já, ìsọ̀rí tí ó fi eré yẹn sílẹ̀ ṣì wà láàyè. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn tí ó ní ọ́ọ̀dì méjì ni ó já: ọ́ọ̀dì márùn-ún tí ó kù jẹ́ méjìdínlógún. Ẹgbẹ̀rún méjì lọ́nà méjìdínlógún, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì.”

“Tí méjì bá já ńkọ́?”

“Ẹ ó kí àwọn ará ilé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá káfíńtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò pa eruku pákó kúrò létí ìwé náà.

“Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ló kù kí owó ẹ̀rọ ìfági wa pé,” ó ní. “Márùn-ún nínú mẹ́fà ni kí ẹ kọ, Bàbá. Ojúkòkòrò kọ́ ló gbé wa wá. Tó bá ti lè bọ́ sí i lónìí, ó parí nìyẹn. A ti búra fún ara wa. Àbámẹ́ta á di ọjọ́ iṣẹ́, a ò tún ní fẹsẹ̀ tẹ ilé tẹ́tẹ́ mọ́.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tí ó ń ròyìn ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde lọ ra búrẹ́dì.

Fọ́ọ̀mù tẹ́tẹ́ àti owó wọn kù síwájú olùkọ́. Ó fi bíírò sàmì sí eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpótí kékeré méjì wà, ọ̀kan fún àsopọ̀, èkejì fún márùn-ún nínú mẹ́fà. Bíírò rẹ̀ dúró lókè wọn. Nígbà náà ni ó ṣe ìṣirò kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ṣe. Bí ó bá sàmì sí èkejì, ilẹ̀kùn tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yóò gbà jáde kúrò níbẹ̀ títí láé yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ó bá sàmì sí èkíní, ilẹ̀kùn náà yóò há tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò fi ní í lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó ka àwọn Àbámẹ́ta tí ó kù nínú ọdún: mọ́kàndínlógún. Ó rò ó bí yóò ti máa jókòó lórí àga tí kò mì, tí ẹnikẹ́ni kì yóò sì wọlé.

Ó sàmì sí àsopọ̀. 

Akọ̀wé ilé tẹ́tẹ́, ọmọbìnrin kan tí ó máa ń bu omi tútù fún un bí ọ̀sán bá mú, gba fọ́ọ̀mù náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ láìbéèrè ohunkóhun. Ta ni yóò bi olùkọ́ léèrè ìṣirò? Ó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì dá fọ́ọ̀mù padà fún un, nítorí pé bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tí ó bá kọ fọ́ọ̀mù ni yóò tọ́jú rẹ̀. Olùkọ́ ká a sínú àpò awò ojú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá káfíńtà padà dé, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó tì í sápò àyà rẹ̀, kò sì kà á. Àwọn lẹ́tà ara rẹ̀ kéré bí èèrà. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ Bàbá ni ó ti gbà á.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilé tẹ́tẹ́ ti kún fọ́fọ́. Eré mẹ́rin ti wọlé. Ìkarùn-ún náà wọlé. Ẹ̀kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ní ọ́ọ̀dì méjì, ni ó kù lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹgbẹ́ tí wọ́n yàn sì ń fi góòlù kan borí. Olùkọ́ di etí àga mú. Ó ń gbàdúrà, òun tí ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ pé àdúrà kì í yí ìdáhùn padà. Bí eléyìí bá wọlé, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó àti méjìlélọ́gbọ̀n. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀ yóò di oore, kò sì sí ẹni tí yóò wádìí oore.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí nígbà tí ẹgbẹ́ kejì dá góòlù náà padà. Ọ̀mì ni wọ́n gbá.

“Ó já!” ni Ẹnu-ò-sinmi kígbe, ó sì ń jó. “Ẹ jẹ́ kó já! Ọ̀kan ṣoṣo náà ni! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì! Ọ̀gá, ẹ̀rọ ti dé! Bàbá Ìṣirò, ẹ jẹ́ n gbé yín pọ̀n!”

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ó ń kun àga súnmọ́ olùkọ́, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ sí i létí.

“Mo ti kun àga yín, sà. Èyí tuntun tí Ọ̀gá kàn fún yín, kí ẹ lè máa wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wa. Láti Ọjọ́rú. Ó ti gbẹ.”

Olùkọ́ wò ó. 

Ní ìdí kóńtà, akọ̀wé yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ẹ̀rọ, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

“Kò jẹ, sà.”

“Kí ni kò jẹ?” Ijó kú mọ́ Ẹnu-ò-sinmi lẹ́sẹ̀.

“Àsopọ̀ ni. Ọ̀kan ti já nínú rẹ̀.”

“Àsopọ̀ bàbá ta ni? Márùn-ún nínú mẹ́fà la ní ká ta! Sìsítà, ojú ẹ wà lára fóònù nígbà tó o ń tẹ̀ ẹ́!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Ohun tí Bàbá kọ ni mo tẹ̀.”

“Ṣé Bàbá wa ló máa ṣi àpótí mú? Ẹni tó kọ́ ẹni tó kọ́ ẹ!”

Àwọn ènìyàn rọ̀gbà yí wọn ká. Máníjà jáde láti yàrá inú, ó ń nu ẹnu rẹ̀. Kò tilẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì kí ó tó kọjú sí ọmọbìnrin náà.

“Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n ń fẹjọ́ ẹ sùn mí. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Fọ́ọ̀mù dà?”

“Mo ti dá a padà, sà.”

“Fún ta ni?”

Ọmọbìnrin náà wo olùkọ́. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò nawọ́ sí i. “Fún Bàbá.”

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá káfíńtà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

“Bóyá ẹ ti sọ ọ́ nù, Bàbá. Kò sí wàhálà. Bó bá sì ṣe ẹ̀yin náà lẹ ṣì í mú, ojú àgbà ni. Àṣìṣe ò ju ìyẹn lọ. A ò ní torí ẹ̀ bá yín jà.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yìí, ó sì fúyẹ́: àṣìṣe. Bí ó bá gbà á, akọ̀wé kò ní í kẹ́rù rẹ̀, àga tuntun náà yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá ẹ̀rọ ìfági tí yóò dé lọ́jọ́ mìíràn. Olùkọ́ wo àwọn ìka rẹ̀. Yíǹkì ṣì wà lára ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Nínú ìṣirò tí ó ṣe ní òwúrọ̀, ó ti ka Àbámẹ́ta mọ́kàndínlógún, ó ti ka ilẹ̀kùn, ó ti ka ara rẹ̀. Nọ́ńbà kan ni ó fò, òun sì ni àga tí ó ti gbẹ láti Ọjọ́rú.

Láyé rẹ̀ nínú kíláàsì, kò fún ọmọ tí ó kọ ìdáhùn láìfi iṣẹ́ hàn ní máàkì rí.

Ó dìde, àga náà kò mì. Ó ṣí àpò awò ojú rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù jáde, ó tẹ́ ẹ sórí kóńtà, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ gbogbo ojú ibi tí ó ká títí tí ó fi tẹ́jú. Kò sí ẹni tí kò rí àmì náà.

“Ta ló ṣe é, nígbà náà?” ni máníjà béèrè.

Ìbéèrè olùkọ́ gan-an ni. Ó ti bi oríṣiríṣi kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà, tí yóò sì dúró, tí yóò máa gbọ́ bí aago ògiri ti ń lù. Ó nawọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè títí dé etí, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

“Èmi ni,” ó wí. “Kì í ṣe àṣìṣe.”