Ìbéèrè Àárọ̀ ní Kóòtù Ọ̀sí

Ìyá àgbà náà la ẹnu, ó sì pa á dé, ohùn kankan kò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ di igi ibi ìdúró ẹlẹ́rìí mú ṣinṣin, bí ẹni tó wà lórí afárá tó ń mì. Alángbá kan gba orí ògiri amọ̀ kọjá, ó dúró, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo kóòtù ń wo ẹnu kan ṣoṣo.

"Tún un bi," ni òyìnbó tó ń rojọ́ fún ìjọba wí. Ajírojọ́ ni àwọn ará Ọ̀sí sọ ọ́, nítorí wọ́n ní kì í tíì rún orín tán tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Adégbóyèga, akọ̀wé rẹ̀, tún un bi. "Ìyá, wọ́n ní kí ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ yẹn?"

"Bàbá wa ni."

"Wọ́n ti gbọ́ ìyẹn. Orúkọ bàbá náà ni wọ́n ń béèrè."

"Ẹni tó bí ọkọ mi."

"Orúkọ ọkọ yín ńkọ́?"

"Bàbá Bílíkísù."

Adégbóyèga yí gbogbo rẹ̀ sí èdè òyìnbó, kò fi iyọ̀ sí i, kò bu omi là á. Ajírojọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí adájọ́, òyìnbó bíi tirẹ̀. Ó ní obìnrin tí kò mọ orúkọ ọkọ, tí kò mọ orúkọ bàbá ọkọ, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti fà á wá? Ó ní ojú ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti rí i, bóyá. Ó tún kọjú sí ìyá àgbà náà. "Kí ó má júwe mọ́. Kí ó pe orúkọ."

Ìyá tún la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìgbà náà gan-an ni nǹkan kan já lu Adégbóyèga láyà.

Ọmọ Ìlọ́fà ni Adégbóyèga. Kékeré ló ti kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti mọ ìwé, ìwé ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ìjọba ń lò. Kí Ajírojọ́ tó gun ẹṣin dé láti Ìlọrin, òun ni yóò ti to ẹjọ́ ìjọba sílẹ̀: yóò pe àwọn ẹlẹ́rìí, yóò mọ ẹni tó yẹ kó ṣáájú àti ẹni tó yẹ kó kẹ́yìn, yóò sì ro àwọn ìbéèrè tí yóò wó ẹjọ́ ẹni kejì lulẹ̀. Bí ẹjọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ògbufọ̀. Iṣẹ́ náà yẹ ẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi yangàn.

Ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìlọ́fà ni wọ́n ń jà lé lórí lọ́jọ́ náà. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé sí i, ibi tí òyìnbó tó bá ń rìnrìn àjò yóò máa sùn, tí ẹṣin wọn yóò sì ti máa jẹko. Wọ́n ní igbó lásán ni, kò lólúwa. Tìjání ọmọ Lábọ̀dé ní ó lólúwa. Ó ní bàbá òun ló ro ó, òun ló gbin obì tó wà níbẹ̀, obì náà ló sì ń bọ́ gbogbo ilé àwọn títí di òní. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ọmọ lórí ogún bàbá rẹ̀ kò tó, kí wọ́n mú ẹlòmíràn tó fojú rí i wá. Nínú gbogbo àwọn tó fojú rí i, Ìyá Bílíkísù nìkan ló kù lókè eèpẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Tìjání tó ti dolóògbé. Ìyàwó tuntun ni nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó náà. Òun ló ń ru oúnjẹ lọ bá wọn. Bí òun bá dárúkọ ẹni tí Tìjání dárúkọ, ilẹ̀ di tiwọn. Bí kò bá dá a, ẹṣin ni yóò máa jẹko nídìí obì.

Ìbéèrè orúkọ yìí, ta ló sì dá a sílẹ̀? Adégbóyèga ni. Ní Òkè-Òpin ní ọjọ́ kan, ó rí ẹlẹ́rìí irọ́ kan tó ń rojọ́ já gaara bí ẹyẹ ìbákà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ bi wọ́n lórúkọ, sà. Ẹjọ́ tí a kọ́ni lẹ́nu, orúkọ ní í tú u." Ó sì ń tú u. Òun náà ló ṣètò pé kí ẹlẹ́rìí máa jókòó sábẹ́ igi odán lókèèrè títí wọn yóò fi pè é, kí ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ tán, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, gba ìhà kejì jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́jú sí ẹnìkejì. Nítorí náà, nígbà tí Tìjání ń dárúkọ bàbá rẹ̀ láàárọ̀, Ìyá Bílíkísù kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Ìyá Bílíkísù sì ń wá ohùn, Tìjání ti wà lẹ́yìn ilé.

Ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí Adégbóyèga ti ń dẹ ẹbìtì yìí dè. Obìnrin kankan kò tíì dúró níbẹ̀ rí. Ẹbìtì òkété ti wá mú adìẹ ilé.

Ó rántí ìyá tó bí i lọ́mọ. Obìnrin náà kú láìpe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ rí. Bí àlejò bá ṣèèṣì pè é níbi tó ti ń gúnyán, yóò gbé ọmọ odó sílẹ̀, yóò kúnlẹ̀ kí orúkọ náà kọjá, bí ẹni pé olúwarẹ̀ ló ń gba ojúde lọ. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ìyàwó bẹ́ẹ̀, bí a kì í ti í kọ́ni ní mímí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà la sì ń wò kí a tó mọ ẹnu tó lè pè é.

Àwọn ará ìlú tó dúró lẹ́yìn ògiri kúkúrú ń kùn. Ọlọ́pàá fi kóńdó gbá ògiri, wọ́n dákẹ́.

"Akọ̀wé," ni adájọ́ wí, "ṣé ìbéèrè náà yé e?"

Ìyá Bílíkísù gbójú sókè wo akọ̀wé. Ojú náà balẹ̀, ojú ẹni tó rí ará ilé ní ọjà àjèjì.

Adégbóyèga ti búra pé òun kò ní fi kún, òun kò ní yọ kúrò, ohun tí wọ́n bá bi òun ni òun yóò dáhùn. "Ó yé e, sà," ni ó wí.

"Ṣé ó fèsì?"

"Kò fèsì, sà."

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni gbólóhùn méjèèjì. Bí ènìyàn bá fi àtùpà wá irọ́ nínú wọn, kò ní rí i.

Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn lọ sinmi, kí wọ́n padà wá gbọ́ ìdájọ́ bí oòrùn bá ti yẹ̀ àtàrí. Adégbóyèga bá ìyá lábẹ́ odán. Iṣu sísun ló ń jẹ, ó ń fi èékánná ha eérú ara rẹ̀ dànù.

"Akọ̀wé ọmọ mi, ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ? Àbí ìwé lẹ máa ń jẹ níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Irọ́ lò ń pa. Ikùn rẹ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn." Ó ya iṣu sí méjì, ó fi èyí tó tóbi lé e lọ́wọ́. "O káre, ọmọ mi. Àyà mi já nígbà tí onímú ṣóńṣó yẹn kanra mọ́ mi. Mo ní ta ni yóò gbà mí lónìí? Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo wojú rẹ, mo ní ọmọ Ìlọ́fà rèé, ọmọ tí obìnrin ilé fi ọmú bọ́, ó mọ̀. Kò pẹ́ náà lo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Wọn ò fi ipá gba orúkọ lẹ́nu mi. Ìyá tó bí ọ kò bímọ sófo."

"Ìyá..."

"Jẹ iṣu kó tó tutù."

Ó jẹ ẹ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ajírojọ́, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń mu tíì.

"Sà, ìbéèrè orúkọ yẹn, kì í ṣe ìbéèrè obìnrin ilé. Ìyá yẹn mọ orúkọ náà. Pípè ni kì í pè é. Kò sí ìyàwó tó ń pè é níbí."

Ajírojọ́ gbé ife sílẹ̀. "Ṣé o yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bó ṣe rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé èmi náà purọ́?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ lo kọ́ mi ní ìbéèrè yẹn, mo sì dúpẹ́. Ìjọba ni èmi àti ìwọ ń ṣiṣẹ́ fún, Adégbóyèga. Bí obìnrin náà bá ní ohun tó fẹ́ kí adájọ́ mọ̀, ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kó fi sọ ọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tó mú un wúwo nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, wọ́n pe gbogbo wọn wọlé. Tìjání dúró níwájú. Ìyá Bílíkísù àti ìyàwó ilé méjì mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìborùn wọn lórí. Adájọ́ ń kà, Adégbóyèga ń sọ ọ́ di Yorùbá.

"Adájọ́ ní òun ti gbọ́ ti ìhà méjèèjì."

"Adájọ́ ní ẹni tó bá ní òun ló ni ilẹ̀, òun ni yóò fi í hàn."

"Adájọ́ ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wá, kò mọ orúkọ ẹni tó ro ilẹ̀ náà."

Ariwo sọ lẹ́yìn ògiri. Tìjání yíjú padà wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Bílíkísù kò wo Tìjání. Akọ̀wé ló ń wò. Adégbóyèga rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ létí, tó ń yé e díẹ̀díẹ̀: ohun tí akọ̀wé sọ fún wọn láàárọ̀, àti ohun tí kò sọ. Ojú rẹ̀ kò le. Ó kàn kúrò lára akọ̀wé, bí ẹni tó ṣèèṣì gbé ọwọ́ lé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, tó wá gbé e kúrò.

Adájọ́ ń dúró dè é. Ìlà kan ló kù.

"Nítorí náà," ni Adégbóyèga wí, "ilẹ̀ tí wọ́n ní Lábọ̀dé ro..."

Ìyá Bílíkísù kúnlẹ̀.

Kò ronú kó tó ṣe é. Orúkọ náà bọ́ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ó gba àárín kóòtù kọjá, orúnkún rẹ̀ sì kanlẹ̀ gbì, egungun àgbà dún. Àwọn ìyàwó méjì yòókù ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ ba, bí ìgbà tí àgbà bá ń jáde láti ìyẹ̀wù.

Adájọ́ ti dé ìdérí gègé ìkọ̀wé rẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin náà, ó wo akọ̀wé. "Kí ló ń ṣe obìnrin yẹn? Ṣé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni? Sọ fún un pé a ti parí."

Ajírojọ́ kò gbójú kúrò lára Adégbóyèga. Ìdáhùn kan wà nílẹ̀ tó kúrú, tó jẹ́ òótọ́, tó tó fún ohun tí wọ́n bi í. Ìbúra rẹ̀ kò ní yẹ̀.

"Kò bẹ̀bẹ̀, sà," ni ó wí.

Adájọ́ ti ń dìde. Adégbóyèga wo irun funfun tó yọ lábẹ́ ìborùn náà, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe ògbufọ̀. Ó fi kún un.

"Ìbéèrè àárọ̀ ló ń dáhùn."