Ìwé Tó Dé Ìbàdàn Kí Mùrí Tó Fà Á Ya

Pọ́ńpọ́ àkọ́kọ́ tó ba Fàtáì lórí alùpùpù, ó rò pé ẹ̀ka igi ló já lu òun. Ìgbà tó ṣubú tán, tí alùpùpù gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ló tó rí bàtà àwọn ènìyàn níwájú rẹ̀ nínú eruku ọyẹ́, ó sì dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Bàtà Mùrí ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀.

"Ẹ tú àpò rẹ̀ wò," ni Mùrí wí. "Ìwé ni kí ẹ wá. Ẹ má pa á."

Wọn kò pa á, ṣùgbọ́n wọ́n lù ú lálùbolẹ̀. Wọ́n fi bàtà tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mọ́ iyanrìn títí iyanrìn fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Etí rẹ̀ ọ̀tún ya. Mùrí fa ìwé náà ya lójú rẹ̀, ó da á sínú koríko, wọ́n sì wọ mọ́tò wọn padà sí Ìwó, wọ́n fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn níbi tó gbé ń pọ ẹ̀jẹ̀.

Ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ́nà Kúta ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń fún omi ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó fẹ́ yá a fún ọdún gbọọrọ, ilẹ̀ á ṣì jẹ́ ti ẹbí, àwọn ọmọ ilé á sì rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Fàtáì fara mọ́ ọn. Ìyá Àjíkẹ́, àbúrò bàbá wọn, tí í ṣe olórí ẹbí láti ìgbà tí àwọn àgbà ti kú tán, fara mọ́ ọn. Mùrí nìkan ló yarí. Òun ti ṣèlérí ilẹ̀ náà fún ọkùnrin kan láti Èkó tó fẹ́ máa fọ́ òkúta níbẹ̀, ó sì ti ń wa mọ́tò Pijó tí ọkùnrin náà fún un kiri ìgboro. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́sàn ti dá gbèdéke: bí ìwé àdéhùn tí ẹbí fọwọ́ sí kò bá tẹ lọ́yà wọn lọ́wọ́ kí ọ́fíìsì tó pa lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, oṣù kìíní ọdún 1989, àwọn yóò wá ilẹ̀ síbòmíràn. Ọjọ́ Jímọ̀ náà gan-an ni Fàtáì ń gbé ìwé náà lọ tí Mùrí fi dá a lọ́nà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbé Fàtáì padà sí Ìwó. Kò yà sílé. Ọ́fíìsì Lọ́yà Jemimah Olútáyọ̀ ló gbà lọ, obìnrin tó kọ ìwé àdéhùn náà fún wọn, ọmọ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Lọ́yà, wọ́n ti fa ìwé náà ya."

"Ẹ jókòó, Bàbá Sàrátù. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín."

"Ẹ jẹ́ kó dà. Ìwé ńkọ́?"

Jemimah fa ẹ̀dà mìíràn yọ nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, èyí tí Fàtáì ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. "Fáàsì ni. Ẹ ó fọwọ́ sí i, Ìyá ó tẹ̀ka sí i, n ó sì kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ yìí. Àwòrán rẹ̀ yóò gba inú wáyà tẹlifóònù lọ, yóò jáde lórí ìwé mìíràn ní Ìbàdàn. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé àwọn gbà á bẹ́ẹ̀."

"Ta ni yóò jẹ́rìí pé ó dé? Wọ́n lè ní àwọn ò rí i."

"Ẹ̀rọ yóò tẹ èsì jáde. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ti ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Lọ́yà wọn yóò fọwọ́ sí ojú ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí, yóò dá a padà wá gba ọ̀nà kan náà. Ìgbà náà ni kò sẹ́ni tó lè jiyàn mọ́."

Wọ́n wọ mọ́tò Jemimah, wọ́n kọrí sí agboolé. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ igbe àwọn obìnrin ilé. Ìyá Àjíkẹ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ìborùn wé ọwọ́ ọ̀tún, ìborùn náà sì ti pọ́n rẹ́rẹ́. Ọmọ odó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ.

Fàtáì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ta ló ṣe yín báyìí?"

"Mùrí ni." Ohùn wọn kò gbọ̀n. "Ó gbé ọwọ́ mi lé orí ọlọ, ó fi ọmọ odó fọ́ àtàǹpàkò mi. Ó ní n kò ní tẹ̀ka síwèé kankan mọ́ láyé. Èmi tí mo fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí ọsibítù ná," ni Jemimah wí.

"Ìwé dà?" Wọ́n na ọwọ́ òsì síta. "Ọ̀tún ló fọ́."

Jemimah ṣí tàdáà. Bí wọ́n ti tẹ àtàǹpàkò òsì mọ́ ìwé, ẹ̀jẹ̀ kán láti inú ìborùn sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ̀ka náà. Jemimah fẹ́ nù ún. "Fi í sílẹ̀," ni Ìyá Àjíkẹ́ wí. "Èmi náà ni." Fàtáì fọwọ́ tirẹ̀ sí i, àwọn obìnrin ilé sì gbé ìyá náà lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí Fàtáì àti Jemimah padà dé ọ́fíìsì, Jemimah fi ọ̀pá irin dábùú ilẹ̀kùn. Ó pe nọ́ńbà Ìbàdàn, kò wọlé. Ó tún un pè, kò wọlé. Lẹ́yìn ìgbà púpọ̀, ẹ̀rọ náà han gooro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé mì díẹ̀díẹ̀, bí ejò ṣe ń gbé eku mì. Ojú ìwé kìíní kò tíì lọ tán tí Pijó Mùrí fi dúró níta; ẹnì kan ní agboolé ti ta á lólobó.

Òkúta àkọ́kọ́ fọ́ gíláàsì fèrèsé. Àdá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilẹ̀kùn jà. "Ẹ gbé ìwé náà síta, àbí ká sun yín mọ́lé!" Ohùn Mùrí ni. Ọwọ́ kan tó di àdá mú gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì la Fàtáì léjìká kó tó lè yẹra. Fàtáì di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí fèrèsé, ó sì fi gbogbo ara wó lé e. Egungun ró pà. Ẹni tó ni ọwọ́ náà ké bí ewúrẹ́, àdá sì jábọ́ sílẹ̀.

"Lọ́yà, ẹ pe ọlọ́pàá!"

"Wáyà kan ṣoṣo la ní! Bí mo bá gbé tẹlifóònù, ìwé á já lágbedeméjì!"

Jemimah fi ara bo ẹ̀rọ náà bí adìyẹ ṣe ń fi ìyẹ́ bo ọmọ. Òkúta bà á lẹ́yìn, kò yísẹ̀. Ojú ìwé ìkẹyìn wọlé. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ jáde, ó ní gbogbo rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n sì ń dúró de èsì Ìbàdàn. Fàtáì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, gbogbo ìró àdá ń wọ̀ ọ́ légungun. Òórùn epo pẹtiróòlù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó rí i tó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀.

Tẹlifóònù dún. Ẹ̀rọ gbé e. Ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà, òǹtẹ̀ lọ́yà Ìbàdàn wà lórí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tó fi sí i. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àjíkẹ́ ti di dúdú, lọ́yà náà sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, kí ni èyí?

"Ó dé!" ni Jemimah kígbe. Ó já ojúlówó ìwé náà gbà lórí tábìlì, ó sáré lọ sí ojú fèrèsé. "Mùrí! Má ṣáná sí i! Ìwé tí ò ń wá rèé!" Ó sọ ọ́ síta.

Ariwo rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ bí ìwé ṣe ń ya, lẹ́yìn náà ẹ̀rín. Mùrí ń rún un lẹ́nu kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí i. "Ẹ sọ fún ìyá yẹn kó wá fi ìka ẹsẹ̀ tẹ òmíràn!" Àwọn tọ́ọ̀gì rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ lọ sínú mọ́tò.

Jemimah ti gbá tẹlifóònù mú, ó ń pe àgọ́ ọlọ́pàá. "Ẹ jókòó, Bàbá Sàrátù. Ó ti parí. Kò sóhun tó lè ṣe mọ́."

Fàtáì gbọ́. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ nínú, kò sì ríbi jáde. Ó yọ ọ̀pá irin kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mùrí yíjú nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ìwé náà ti dé Ìbàdàn," ni Fàtáì wí.

"Ṣé ó ní ìyẹ́ ni? Òun ni mò ń jẹ lẹ́nu yìí, Bùọ̀dá."

Fàtáì la ọ̀pá irin náà mọ́ ọn lórí. Mùrí ṣubú lórí eékún, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́." Fàtáì tún là á mọ́ ọn. Iye ìgbà tó là á, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́ ní kóòtù. Ohun tó rántí ni pé Jemimah di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, tó ń pariwo, tí aṣọ náà ya, tí àwọn tọ́ọ̀gì ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àti pé ìwé funfun ṣì wà láàárín eyín àbúrò òun.

Mùrí kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́pàá bá Fàtáì níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pijó, kò sá. Jemimah ló jẹ́rìí fún un ní kóòtù. Adájọ́ wo ti ọwọ́ ìyá àgbà, ó wo ti epo pẹtiróòlù, kò dájọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n ó ní Mùrí ti ń lọ nígbà tí Fàtáì jáde sí i. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́sàn sì wá sí ọ̀nà Kúta, wọ́n gbin ọ̀pẹ̀-òyìnbó, Sàrátù ọmọ Fàtáì sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́.

Ìyá Àjíkẹ́ kò wá wo Fàtáì lẹ́wọ̀n títí òjò fi dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, Fàtáì dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀wọ̀n, wọn kò tètè ní kó dìde.

"Ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, Ìyá."

"Mo gbọ́."

"Nítorí yín ni mo ṣe—"

"Má fi mí ṣe àwáwí, Fàtáì. Mo dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, mò ń ro ohun tí n ó bá Mùrí sọ bó bá wá. Ìbínú mi kò tíì tán tí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo tọ́. Ọ̀kan wà nílẹ̀, ọ̀kan wà níbí. Ta wá ni n ó máa bá jà?"

Wọ́n ṣí abọ́ tí wọ́n gbé wá, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni, wọ́n tì í sí iwájú Fàtáì. Ó jẹ ẹ́, nítorí wọn kò dìde títí tó fi jẹ ẹ́ tán.