Ọ̀tá Waino Nísàlẹ̀ Òkun

Ọgbọ̀n ọdún ni Waino Hietala fi mòòkùn ní èbúté Albion, tó ń ṣa ẹlẹ́gùn-ún pupa. Ẹran rogodo tí ẹ̀gún bò lára ni, ẹyin inú rẹ̀ làwọn oníbàárà ń wá. Ọ̀tá kan ṣoṣo ni Waino ní nísàlẹ̀ omi: ìràwọ̀ òkun, ẹran omi ńlá alápá ogún, tó ń jẹ ẹlẹ́gùn-ún láìtọrọ àyè. Bí gbogbo òmùwẹ̀ èbúté ṣe ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Ibi tó bá ti rí ọ̀kan, á já a kúrò lára òkúta, á lọ dà á sórí àpáta kí oòrùn pa á. Wọ́n máa ń fi iye tí wọ́n pa yangàn.

Nígbà tí àìsàn kọ lu àwọn ìràwọ̀ náà, tí apá wọn ń já bọ́, tí ara wọn ń yọ́ bí òrí, Waino ra bíà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n ológbò kò sí nílé, ilé dilé èkúté. Ẹran onírun inú òkun tó tún lè jẹ ẹlẹ́gùn-ún, àwọn ọdẹ ti pa á tán nítorí awọ láyé baba ńlá wọn. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ẹlẹ́gùn-ún kékeré elésè àlùkò, tí ẹnikẹ́ni kì í rà, fi jẹ igbó inú òkun, ewé tí àwọn pupa náà ń jẹ, dé gbòǹgbò. Ebi mú àwọn pupa. Waino á la ogójì, kò ní rí ẹyin tó kún ṣíbí. Òmùwẹ̀ mẹ́sàn-án ti ta ọkọ̀ wọn, ó kù díẹ̀ kó kan òun náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ibi kótópó kan tí ewé ṣì dúró. Ó la ẹlẹ́gùn-ún pupa kan, ẹyin rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Ó ṣa àpò kan kún. Ìgbà náà ló rí ìràwọ̀ òkun kan láàárín wọn, ó gbé elésè àlùkò kan sẹ́nu. Kí Waino tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti já a. Apá méjì dá sára òkúta.

Ó gbé e lọ sókè fún Kerttu, ọmọ rẹ̀, tó ń ṣọ́ okùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kerttu wò ó, ó wo àpò.

"Bàámi, tí àwọn òmùwẹ̀ yòókù bá rí ẹyin yìí ní èbúté, wọ́n á tẹ̀ lé wa wá síbí lọ́la. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ọwọ́ wọn máa ń ṣe."

"Ohun tí ọwọ́ tèmi náà ṣe nìyẹn," ni Waino wí.

Ó padà sísàlẹ̀, ó fi ìràwọ̀ náà sáàárín ewé, ó sì da àpò náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní èbúté, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ló rí. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń di ti arúgbó. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ta ọkọ̀ rẹ̀.