Omi Ẹja Aláró

Òkúta náà kò ju ẹyin adìẹ lọ. Bọ́lánlé gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, omi iyọ̀ ń kán lára rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Wọ́n fi òwú dúdú wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé kan wà lábẹ́ òwú náà, ó ti rọ̀, nǹkan sì ti jẹ etí rẹ̀.

"Màámi," ó pe ìyá ọkọ rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Màámi, tó wá kí wọn láti Ìnísà láàárọ̀ ọjọ́ náà, yọ láti ilé ìdáná. Ó wo òkúta náà, kò fọwọ́ kàn án.

"Gbé e sílẹ̀! Gbé e sílẹ̀ kíá! Ibo lo ti rí i?"

"Inú omi ẹja ni, Màámi. Ẹ̀yìn àpáta funfun yẹn ni wọ́n fi pamọ́ sí."

Ẹja náà wà lókè omi nínú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹja aláró ni wọ́n ń pè é nínú ilé, nítorí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró títí tó fi mu ún yó. Ìlà dúdú kan kọjá lára rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Irú rẹ̀ kò sí nínú odò Ọtìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí àtẹ ẹlẹ́ja kankan láti Ìkìrun dé Òkukù. Ayọ̀dàmọ́lá Ògúnrìndé, ọkọ Bọ́lánlé, ló ní kí wọ́n gbé e wá láti Èkó nígbà tó gba iṣẹ́ kọngílá ọ̀nà, kí àlejò tó bá wọ pálọ̀ rẹ̀ lè mọ̀ pé òun wọ ilé èèyàn gidi. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nítorí ẹja. Wáyà tó lọ sí yàrá méjì ẹ̀yìnkùlé nìkan ni wọn kì í so mọ́ ọn.

Àbẹ̀kẹ́ ló ń gbé inú yàrá méjèèjì yẹn. Jọláyẹmí ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀dàmọ́lá, ló kọ́ gbogbo ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé kó tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ ogójì rẹ̀ kò tíì pé tí wọ́n ti sọ fún opó náà pé iwájú ilé ti tóbi jù fún un, nígbà tí Kíkí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kàwé ní Ìbàdàn. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé láìbá ẹnikẹ́ni jà. Àìjà yẹn gan-an ló ń kọ Bọ́lánlé lóminú. Ta ni wọn yóò gba ilé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní ní nǹkan kan nínú?

Bọ́lánlé ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́. Ó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì ní ìdájí, nígbà tí opó náà wá gbá pálọ̀: Àbẹ̀kẹ́ dúró síwájú gíláàsì, ó ń fi ìka fa ìlà lára rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ẹja náà sì ń tẹ̀lé ìka rẹ̀ lọ, ó ń tẹ̀lé e bọ̀. Ẹja kì í tẹ̀lé Bọ́lánlé. Kì í tẹ̀lé Ayọ̀dàmọ́lá tó fowó ara rẹ̀ rà á. Bọ́lánlé, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama ní Òkukù, tó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́ láìsí ẹ̀rí, ka èyí sí ẹ̀rí.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Màámi wí. "Ta ni kò mọ ẹni tó pa ọmọ jẹ? Nígbà tí Jọláyẹmí mi kú, mo ní kó mu omi tí a fi wẹ òkú ọkọ rẹ̀, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ẹ̀yin alákọ̀wé ní ayé ti lajú. Ẹ wá fojú yín tó là wò ó!"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àbẹ̀kẹ́. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Ìyá Kíkí, ṣé ẹ mọ nǹkan yìí?" Bọ́lánlé bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo so ó."

Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sẹ́. Bọ́lánlé kò retí ìyẹn.

"Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni," Àbẹ̀kẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ kì í fún un ní nǹkan míì ju ẹran lílọ̀ lọ. Mo rí i tó ń họ nǹkan tútù ara gíláàsì jẹ, ni mo bá bọ ewé, mo so ó mọ́ òkúta kó má baà léfòó. Òwú tó wà nínú ẹ̀rọ mi ni mo fi so ó. Ó máa ń jẹ ẹ́ tán."

Màámi pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ẹja tó ń jẹ ẹ̀fọ́! Ṣé kò béèrè iyán sí i?"

Bọ́lánlé rẹ́rìn-ín. Yóò rántí ẹ̀rín yẹn nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dùn ún rín. Wọ́n fi ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Sátidé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkukù dé ni Fuad, ọmọ Èkó tó ń ta ẹja fún wọn, gbé ẹja kẹrin wọlé nínú ọ̀rá tó kún fún omi. Bó ṣe ń tú u sínú gíláàsì, ojú rẹ̀ lọ sórí tábìlì níbi tí òkúta olówùú wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, tí wọ́n dì í fún ọjọ́ ìpàdé.

"Há! Màdáámù, ta ló ṣe èyí?"

"Kí ló dé?" Bọ́lánlé sún mọ́ tábìlì. "Ṣé o mọ irú oògùn tó jẹ́ ni?"

"Oògùn kẹ̀?" Fuad rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ ẹ̀ ni, Màdáámù. Bí àwa gan-an ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Nínú òkun tó ti wá, iyùn ń hù lórí àpáta bí igbó. Ẹja yìí àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń jẹ ewé tó ń hù bo iyùn, kí iyùn lè rí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó so ewé yìí lójú inú o. Wàláì, òun ni kò jẹ́ kí èyí tó kú yẹn tètè kú."

Bọ́lánlé jókòó. "Kí ló wá ń pa wọ́n?"

Fuad wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Májèlé ni."

"Májèlé nínú ilé mi?"

"Kì í ṣe nílé yín. Inú òkun lọ́hùn-ún ni. Àwọn tó ń kó wọn máa ń fún májèlé sínú ihò àpáta, kí òòyì kọ́ ẹja, kí wọ́n fọwọ́ mú un. Iyùn ibẹ̀ á kú fin-ín-fin-ín. Èyí tó bá yè nínú ẹja, á máa wẹ̀, á máa dán, ẹ ò ní mọ̀ pé inú ẹ̀ ti bàjẹ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ó tán. Wọ́n ń ṣòfin sí i, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ẹja tí kò wọ́n kì í béèrè bí wọ́n ṣe mú un. Mo ṣáà ti sọ fún Ọ̀gá. Nígbà tí èkejì kú ni mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n gbé irú ti tẹ́lẹ̀ wá." Ó fi ìka kan gíláàsì. "Àwọ̀n ni wọ́n fi mú eléyìí. Èmi ni mo wá a. Ó ti sú mi kí n máa gbé òkú wá fún yín."

Nígbà tí Ayọ̀dàmọ́lá dé, Bọ́lánlé kò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi, Fuad ti sọ fún yín ohun tó ń pa ẹja. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wo Màámi bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kan Ìyá Kíkí."

Ọkọ rẹ̀ kò bínú. Ì bá dára bó bá bínú. "Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó o ń lálàá ẹ̀ láti ọdún yìí wá ńkọ́? Ibo lo rò pé a máa kọ́ ọ sí? Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni." Ó bọ́ bàtà kan. "Tó bá wù ẹ́, sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Mi ò di ẹnu ẹ."

Òótọ́ ni, kò di ẹnu rẹ̀.

Ní Sátidé, Bàbá Àánúolúwa, tó dàgbà jù nínú ẹbí, gbàdúrà gígùn, ó ní àwọn kì í ṣe abọ̀rìṣà, ṣùgbọ́n omi tí a bá gbàdúrà sí kì í parọ́. Màámi ti ife funfun kan bọ inú omi ẹja, ó gbé e kún.

"Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ó wí fún Àbẹ̀kẹ́. "Sọ̀rọ̀ kó o tó mu."

"Mo ti sọ̀rọ̀, Màámi. Ẹ̀fọ́ ni." Àbẹ̀kẹ́ yíjú sí Bọ́lánlé. "Ìyàwó, ìwọ lo kàwé nínú wa. Ṣé o ti bi ẹni tó ń ta ẹja fún yín?"

Ayọ̀dàmọ́lá ń wo fìlà tó gbé lé orúnkún.

"Mi ò tíì rí i," ni Bọ́lánlé wí.

Àbẹ̀kẹ́ gba ife, ó mu ún tán. Omi iyọ̀ ni. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi bì í, tó di ògiri mú, tó tún ń bì. "Ó ń jẹ́wọ́! Inú ẹ̀ ń jẹ́wọ́!" ni Màámi ń ké. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti gbé e àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Òkukù.

Bọ́lánlé rí i níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, lábẹ́ ìbòòji páànù kan nítòsí ilé ìwé, ó tẹrí ba lé aṣọ lórí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé síbi iṣẹ́. Wọn kò wó yàrá ẹ̀yìnkùlé. Màámi kó ẹrù láti Ìnísà wá síbẹ̀, ó ní àgbà kì í gbé òun nìkan, wọ́n sì so wáyà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ tó dé.

Ẹja kẹrin ń rù. Ó ń họ ara gíláàsì. Bọ́lánlé fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó bọ ewé tẹ̀tẹ̀, ó wá òkúta, ó wá òwú. Ìdájí ló ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ẹja sanra padà, aró rẹ̀ tún mu ún yó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìka rẹ̀. Oṣù kìíní kọjá, ìkejì kọjá, ìkẹta ń lọ. Màámi jẹ́rìí nínú ìjọ. "Látìgbà tí ọ̀tá ti jáde," ó wí, "ẹja ò kú mọ́." Gbogbo ìjọ ṣe àmín, Bọ́lánlé náà ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ́lánlé, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó yípadà. Òkúta náà ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, òwú dúdú wé e lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀fọ́ ni, Màámi." Bó ṣe sọ ọ́ ló gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú pálọ̀ yìí. "Ẹ̀fọ́ ló ń jẹ. Lóòótọ́ ni. Ẹ bi Bàbá Ṣìkẹ́mi, wọ́n mọ̀."

Ayọ̀dàmọ́lá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń de bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó wo òkúta, ó wo ìyá rẹ̀. Bọ́lánlé rí i bó ṣe ń ṣírò rẹ̀: bó bá ní òun mọ̀, Màámi yóò bi í pé láti ìgbà wo.

"Ẹ̀fọ́ wo?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀fọ́."

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ Bọ́lánlé padà sínú omi. Ẹja aláró yọ láti ẹ̀yìn àpáta funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé náà láti etí. Màámi ti kọjá lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, Bọ́lánlé sì ń gbọ́ bó ṣe ń wá ife funfun náà.