Yàrá Tí Wọ́n Fún Pírińtà

Súùtù ló pa pírińtà àkọ́kọ́, òun náà ló pa èkejì. Tí ẹnì kan bá ń gbé Port Harcourt tó ní òun ò mọ súùtù, ẹ ní kó fi áńkáṣíìfù funfun nu imú rẹ̀ láàárọ̀, kó sì wo ohun tó máa bá áńkáṣíìfù jáde. Àwọn tó ń se epo rọ̀bì nínú igbó létí odò ló ń tú ẹ̀ẹ́fín dúdú náà sójú ọ̀run. Atẹ́gùn á gbé e wọ ìlú, á bà lé aṣọ tí a sá, á bà lé oúnjẹ, á sì wọ inú ẹ̀rọ. Gbogbo èèyàn ló ń ráhùn. Àwọn kan náà tó ń ráhùn ló sì ń ra epo ọ̀hún, èyí tí wọ́n ń pè ní kpofáyà, sínú jẹnẹrétọ̀ wọn, torí pé kò wọ́n. Ọ̀gá Ọbáfẹ́mi wà lára wọn.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ọbáfẹ́mi wà ní Trans-Amadi. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣe ìwé ẹrù tó ń ti èbúté bọ̀ wá sáwọn ilé iṣẹ́ epo. Láti àárọ̀ làwọn awakọ̀ tírélà á ti tò sẹ́nu géètì, tí wọ́n á máa kígbe pé kí wọ́n fún àwọn níwèé kí àwọn máa lọ. Wọ́n á tẹ ìwé, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á ṣe fótókọ́pì rẹ̀, wọ́n á tún yà á padà sínú kọ̀ǹpútà. Tí pírińtà bá ti dákẹ́, iṣẹ́ dákẹ́ nìyẹn.

Tẹjú ló ń bójú tó ohun èlò ọ́fíìsì, òun ló sì ra pírińtà méjèèjì tó kú. Ọjọ́ tí èkejì kú, ọ̀gá pè é wọlé. Kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ń fi bírò lu orí tábìlì.

"Lọ ra òmíràn. Èyí tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fótókọ́pì, tó ń yàwòrán ìwé, tí kò ní wáyà, kí oníkálukú lè máa fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti ìdí tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tẹjú, gbọ́. Tí ẹ̀kẹta yìí bá kú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà yé Tẹjú. Ọkọ rẹ̀ ò tíì ríṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti ní kó máa lọ nílé iṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀, owó oṣù tirẹ̀ ni gbogbo ilé wọn ní Rumuokwurushi ń jẹ. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹni tó bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni Mùjídátù, akáùǹtáǹtì ọ́fíìsì náà, tí Tẹjú ń pè ní Àǹtí Mùjì. Port Harcourt ni wọ́n bí Àǹtí Mùjì sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Yorùbá rẹ̀ sì kún fún píjìn bí ìrẹsì tó kún fún òkúta. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá èèyàn, èèyàn ni. Òun ló bẹ ọ̀gá tí Tẹjú fi ríṣẹ́, òun náà ló wá ilé fún un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí kò mọ ẹnì kankan.

Ikọ́ fée ń bá Àǹtí Mùjì jà láti kékeré, inhélà tó ń fà sí ọ̀fun kó lè mí kì í sì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tí súùtù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó dákú lórí ìwé lẹ́ẹ̀kan. Máníjà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, kí Ọlọ́run bù kún un níbikíbi tó bá wà, ló kó páálí kúrò nínú sítọ́ọ̀ kékeré kan tí kò ní fèrèsé, ó fi éésì kékeré síbẹ̀, ó ní kí Mùjídátù máa jókòó síbẹ̀. Ìnfátà ló ń gbé éésì náà, iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí. Inú yàrá yẹn nìkan ni súùtù kì í dé ní gbogbo ọ́fíìsì. Látọjọ́ náà ni Àǹtí Mùjì ti ń mí bí ọmọ èèyàn.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lọ kò jìnnà sí Amadi-Ama. Nengi ni obìnrin tó ni ín. Ó ń ta pírińtà, ó sì ń tún un ṣe. Ó gbé méjì síwájú wọn, ńlá kan àti kékeré kan.

"Madam, I no go lie give you," ó ní.

Ó wá fi píjìn rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Èyí ńlá ń yára bí nǹkan míì, inú rẹ̀ ni wọ́n á máa da íǹkì inú ìgò sí, íǹkì náà ò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ihò tí íǹkì ń gbà jáde kéré ju ihò abẹ́rẹ́ lọ, inú ẹ̀rọ gan-an ló sì wà. Tí súùtù bá ti dí i, ó parí. Yàrá tí wọ́n ń tì pa, tó ní éésì, nìkan ló lè gbé. Èyí kékeré ń lọ́ra, ó sì máa ń jẹ íǹkì, ṣùgbọ́n ara ike íǹkì ni ihò tirẹ̀ wà. Tí súùtù bá dí i, wọ́n á yọ ike, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ìyẹn lè gbé ìta.

Àǹtí Mùjì rẹ́rìn-ín. "Èmi àti ńlá yìí, àìsàn kan náà ló ń ṣe wá."

Ọwọ́ Tẹjú ti wà lórí kékeré. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn awakọ̀ tó ń kígbe ní géètì, ó rántí bí ọ̀gá ṣe máa ń fa ojú ro nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ íǹkì, ló bá ń wo tibí, ó ń wo tọ̀hún.

"Mú ńlá," Àǹtí Mùjì ní. "Gbé e sí yàrá mi. A jọ máa gbébẹ̀. Àbí ó fẹ́ bá mi jẹun ni? Èmi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ, jàre."

Bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú mọ́tò, Nengi sọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní tí ẹ̀rọ náà kò bá bá ọ́fíìsì wọn mu, kí wọ́n gbé e padà wá gba kékeré, níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì da íǹkì sí i. Tí íǹkì bá ti kan inú rẹ̀, òun ò gbà á mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tẹjú gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì Àǹtí Mùjì, ó ṣí ìgò íǹkì àkọ́kọ́. Ọ̀gá Ọbáfẹ́mi yọjú. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo yàrá, ó wo àwọn fáìlì Mùjídátù tí wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Yàrá yìí ò gba ẹ̀rọ àti èèyàn pọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wá gba owó lọ́wọ́ akáùǹtáǹtì ni wọ́n á máa ṣílẹ̀kùn, súùtù á sì máa wọlé. Mùjídátù, kó ẹrù ẹ jáde. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Fèrèsé tó ń wí yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà. Éésì ọ́fíìsì ńlá ti bàjẹ́ tipẹ́, nítorí náà ṣíṣí ni wọ́n máa ń ṣí fèrèsé náà sílẹ̀ kí ooru má baà pa wọ́n.

Àǹtí Mùjì yíjú sí Tẹjú. Kò wò ó tìbínú tìbínú, ó kàn ń dúró de ohun tó máa sọ, torí àwọn méjèèjì mọ ohun tó yẹ kó sọ. Kò ju gbólóhùn kan lọ: ọ̀gá, kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó lè gbé ìta, ẹ jẹ́ ká lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ìgò íǹkì wà lọ́wọ́ Tẹjú ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ọ̀gá á bi òun pé kí ló dé tí òun ò ra kékeré náà látilẹ̀, á ní òun ò mọ iṣẹ́ òun, á ní kóun máa lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tẹjú ṣọ́ orí tirẹ̀. Ó da íǹkì náà sínú ẹ̀rọ, ìgò dúdú, ìgò àwọ̀ búlúù, títí tó fi da gbogbo rẹ̀ tán.

Àǹtí Mùjì kó àwọn fáìlì rẹ̀ jáde.

Inú ọ́fíìsì dùn sí pírińtà yẹn, ká má purọ́. Èèyàn á jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, á tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, ìwé á sì ti máa jáde nínú yàrá tútù. Àwọn awakọ̀ ò kígbe mọ́. Ọ̀gá kí Tẹjú lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Àǹtí Mùjì ń húkọ́. Láràárọ̀ ni Tẹjú máa ń fi rágì nu tábìlì rẹ̀ kó tó dé, rágì náà á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú ń tì í, ohun tó sì mọ̀ ọ́n ṣe sí ìtìjú náà ni kó máa nu tábìlì.

"Tẹjú, bá mi bá ọ̀gá sọ̀rọ̀," Àǹtí Mùjì sọ fún un lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. "Èmi ti sọ, he no gree. Ìwọ lo ra ẹ̀rọ yẹn, á gbọ́ tìẹ. Kí wọ́n kàn fún mi ní igun kan níbẹ̀."

"Màá sọ fún wọn, àǹtí mi. Màá sọ lọ́la."

Lọ́la dé, kò sọ. Ó tún ní ó di ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, inú ọ̀gá ò dùn, ó ní kí inú rẹ̀ yọ́ ná. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, súùtù sì dà pọ̀ mọ́ ọyẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan wà tí oòrùn yọ tí kò tàn. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó sì tu ẹ̀ẹ́fín kpofáyà gba ojú fèrèsé wọlé. Àǹtí Mùjì dìde, ó fa inhélà yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ti lò ó tán. Tẹjú sáré dì í mú, ó wọ́ ọ lọ sí yàrá tútù, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣí, ó gbé e jókòó sílẹ̀ kó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ibinabo, pe takisí!" Ibinabo ni ọmọbìnrin tó ń gbàlejò níwájú. Ó ti sáré jáde kí Tẹjú tó sọ ọ́ tán.

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lókè orí wọn. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ńlá ti fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí i, kò mọ̀ pé èèyàn wà nílẹ̀. Ìwé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ̀ bọ́ sórí itan Àǹtí Mùjì, Tẹjú sì ń gbá wọn dànù. Àyà obìnrin náà ń lọ sókè, ń lọ sódò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ò wọlé. Ó na ìka sí ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí.

"Ti ilẹ̀kùn," ó ní. Ó pẹ́ kó tó rí èémí tó máa fi sọ ìyókù. "Súùtù... máa wọ ẹ̀rọ ẹ."

Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Takisí dé, wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n bọ́ sínú gósílóò Trans-Amadi láàárín àwọn tírélà tó ń lọ kó ẹrù. Orí ẹsẹ̀ Tẹjú ló kú sí, wọn ò tíì rí géètì ọsibítù. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé tábìlì kan sẹ́nu géètì, kí wọ́n fi fọ́tò Mùjídátù sórí rẹ̀, kí àwọn oníbàárà lè rí i kẹ́dùn. Ó ní kí Tẹjú tẹ fọ́tò náà, kó tóbi. Tẹjú jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wá fọ́tò kan rí níbi tí Àǹtí Mùjì ti ń rẹ́rìn-ín, ó fi ránṣẹ́. Ó dìde lọ sí yàrá tútù lọ mú un.

Fọ́tò náà dára. Èjí iwájú eyín rẹ̀ hàn, àwọ̀ híjáàbù rẹ̀ hàn, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Tẹjú mí sínú níbẹ̀. Atẹ́gùn náà mọ́, ó tutù, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó sì dùn ún wọra débi pé ó kórìíra ara rẹ̀.

Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó mà mọ́ o. O yan ẹ̀rọ yìí dáadáa, Tẹjú."

"Ọ̀gá, kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù níjọ́ yẹn. Ó lè gbé ìta. À bá ti gbé èyí lọ pààrọ̀ ẹ̀, kí àǹtí mi má kúrò níbí. Mi ò sọ fún yín."

Ọ̀gá Ọbáfẹ́mi wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìyẹn ti kọjá," ó ní. "Gbé fọ́tò lọ síta, àwọn èèyàn ti ń dé."

Ó gbé e lọ. Ó fi òkúta méjì tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì, ó yíjú láti gba àga lọ́wọ́ Ibinabo. Nígbà tó máa wẹ̀yìn, súùtù ti ń bà lé ojú Àǹtí Mùjì wínníwínní. Ó ní kóun fi ìka gbọ̀n ọ́n kúrò, ló bá fà yà láti imú dé ẹnu, ó dúdú kirikiri. Bó ṣe ń nù ún ló ń tàn kálẹ̀.

"Ẹ lọ tẹ òmíràn," Ibinabo ní.

Tẹjú lọ tẹ òmíràn. Kí wọ́n tó ti géètì lọ́jọ́ yẹn, ó ti tẹ̀ ẹ́ ní àìmọye ìgbà, ẹ̀rọ náà ò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti jáde nínú yàrá náà, ó máa ń rántí láti ti ilẹ̀kùn.